Koríko Ni Kí O Kọ́kọ́ Kọ́

Ìfọ́n,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé owó oúnjẹ ti dé ọwọ́ rẹ. Ohun tó jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ kí n tó fèsì ni ọ̀rọ̀ tí o sọ pé mílíìkì màlúù ni o fẹ́ gbájú mọ́ ní FUTA ní Àkúrẹ́ níbẹ̀. Mo kà á sétí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ó ní, “Màlúù? Ṣé èyí tó jẹ ẹ̀gẹ́ mi tán léṣìí náà ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì?” Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó jí dé oko tó bá gbogbo ebè ní títẹ̀ pa, ìwé wo la fẹ́ kà fún un tí yóò wọ̀ ọ́ létí? O mọ̀ pé ní agbègbè wa níbí, bí ènìyàn bá ti dárúkọ màlúù, ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọ̀rọ̀ òkú ló ń tẹ̀lé e. Bí o bá wálé, kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ dáadáa, kí o fi ọ̀rọ̀ màlúù sílẹ̀.

Èmi ní tèmi fọwọ́ sí ohun tí o fẹ́ kọ́. Ní 2021, nígbà tí Akérédolú wà lórí àlééfà, Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi òfin de dída ẹran jẹko káàkiri. Òfin náà dára lójú mi. Àmọ́ òfin kì í hu koríko. Màlúù tí a ní kó dúró sójú kan, ojú kan náà ni yóò ti jẹun, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ta ló ń gbin oúnjẹ ọ̀hún? Bí mo bá béèrè, ńṣe ni àwọn ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń kọ́ yín ní ti ọmú màlúù, gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé orí koríko, wá jókòó síwájú.

Màlúù funfun tí àwọn Fúlàní ń dà, tí wọ́n ń pè ní Bunaji, lítà 1 sí 2 ni wọ́n sábà máa ń rí fún lára rẹ̀ lójúmọ́. Holstein àwọn ará Netherlands ń fún wọn ju lítà 20 lọ. Wọ́n á ní irú ẹ̀yà ló fà á. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mú Holstein yẹn wá sí Ìfọ́n, kó máa já koríko gbígbẹ jẹ nínú oòrùn oṣù Èrèlé, kí eṣinṣin tsetse máa jẹ òun náà. Ooru kò ní jẹ́ kó lè jẹun, mílíìkì á gbẹ, àìsàn ni yóò kù fún ẹni tó rà á.

Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ màlúù wà nítòsí wa. O rántí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ilé gàrí wa. Ó ṣì wà níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi dúdú á máa ṣàn látinú rẹ̀ bọ́ sí gọ́tà, èéfín á máa rú láàárín rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀, eṣinṣin kò sì ní jẹ́ ká gbádùn. Àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, tó wà nínú ọgbà IITA ní Ìbàdàn, ti ṣiṣẹ́ lórí irú èèpo yìí. Wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n sì ń sá a. Láàárín wákàtí 6 sí 8 ó ti gbẹ, dípò ọjọ́ 2 tàbí 3. Èèpo tútù tọ́ọ̀nù 3 ń di oúnjẹ ẹran tó tó tọ́ọ̀nù 1. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ín tí wọ́n sì fi ń fún un kò yàtọ̀ sí èyí tí mo fi ń ṣe gàrí! Èyí tó bá ti bu ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí aflatoxin inú rẹ̀ máa ń gba ara màlúù bọ́ sínú mílíìkì, síse kò sì ń pa á. Èèpo nìkan kò sì tó, nítorí pùròtéènì rẹ̀ kéré. Ó fẹ́ ewé agúnmániyè tàbí ewé ẹ̀pà mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì máa ń rò pé mílíìkì kò sí ní Nàìjíríà àfi nínú agolo. Mílíìkì Peak inú agolo ti wà lórí igbá níbí láti 1954, ó ti mọ́ wa lára. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, FrieslandCampina WAMCO, ti ń ra mílíìkì lọ́wọ́ àwọn darandaran ní apá Ìsẹ́yìn àti Ṣakí láti 2010. Ìjọba Èkìtì àti Promasidor, àwọn tó ni Cowbell, náà jí oko mílíìkì Ìkún-Èkìtì tó ti di igbó dìde. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Bí àkókò iṣẹ́ oko yín bá tó, tọrọ Ìkún kí wọ́n tó pín yín.

Kó tó dìgbà yẹn, wá obìnrin Fúlàní tó ń se wàrà, kí o jókòó tì í. Wo bó ṣe ń mọ̀ pé iná ti tó, bó ṣe ń da omi ewé bọmubọmu sí i tí mílíìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, tí omi rẹ̀ á ya sọ́tọ̀, tí yóò wá kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kó lè ro. Wọ́n á sọ fún yín ní kíláàsì pé 72°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 ló ń pa kòkòrò àrùn inú mílíìkì, òótọ́ sì ni. Obìnrin yẹn kò ní tẹmómítà, kò sì ní fíríìjì, wàrà rẹ̀ sì ń dé ọjà láì kan. Má ṣe bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá kọ́ ọ. Ra wàrà rẹ̀, kí o sì sanwó.

Mo fi gàrí rán dẹ́rẹ́bà Àkúrẹ́. Ọ̀rá kékeré kan wà nínú àpò náà, èèpo tí mo rin, tí mo fún, tí mo sì sá fúnra mi ló wà níbẹ̀. Mú un lọ bá olùkọ́ tó ń kọ́ yín ní oúnjẹ ẹran. Bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa yẹ pùròtéènì inú rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó ti ń bu. Bí wọ́n bá ní a máa sanwó, sọ iye rẹ̀ fún mi kí n tó ta gàrí ọjà tó ń bọ̀.

Màmá rẹ