Ahoro Létí Odò St. Paul

Ahoro kò ṣọ̀wọ́n ní Monrovia. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá ń lọ sí ibi iṣẹ́ ni mo ń rí Hòtẹ́ẹ̀lì Ducor lórí òkè, ilé gogoro tí kò gba àlejò mọ́ láti ọdún 1989. Ó ti mọ́ mi lójú. Ṣùgbọ́n ahoro inú igbó yàtọ̀ sí ti ìgboro, òun ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lónìí.

Ní Sátidé kan ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, mo gun ọ̀kadà kọjá afárá odò St. Paul, mo forí lé Clay-Ashland. Inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ìlú náà. Nígbà tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ True Whig sílẹ̀ ní 1869, ẹgbẹ́ tí ó ṣe ìjọba Làìbéríà láìdáwọ́ dúró láti 1878 títí di 1980. Àwọn aláwọ̀ dúdú láti Kentucky ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1846. Orúkọ olóṣèlú Henry Clay àti ti oko rẹ̀, Ashland, ni wọ́n so pọ̀ fi pè é.

Ọkùnrin kan tí ó ń dáko ládùúgbò náà ni ó mú mi wọ igbó. Ó ń fi àdá lanà, mo ń tẹ̀ lé e. N kò rí ohun kan ju ewéko lọ títí tí ó fi dúró, tí ó ní, "Ọ̀gá, inú ọgbà wọn lẹ dúró sí yẹn." Mo gbójú sókè. Igi máńgòrò mẹ́ta tò lọ́gbọọgba, èyí tí igbó kì í ṣe fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àtẹ̀gùn bíríkì kan wà. Mo gùn ún. Lókè rẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí yàrá, àfi òpó méjì, páànù tí ó ti dípẹtà, àti igi ńlá kan tí ó hù síbi tí ó dà bíi pálọ̀.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú àwòṣe irú ilé bẹ́ẹ̀ wá, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe ẹrú. Ilé olówó ẹrú ni wọ́n mọ̀ sí ilé ọlá, òun náà ni wọ́n sì kọ́ nígbà tí ó kàn wọ́n. Wọn kò fi mọ sórí ilé nìkan. Wọ́n kéde òmìnira ní 1847, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà tí wọ́n bá lórí ilẹ̀, Dei, Gola, Kpelle àti àwọn yòókù, kò láǹfààní láti dìbò yan ààrẹ títí di 1951, àwọn tí ó ní ohun-ìní nínú wọn nìkan ni ó sì kàn nígbà náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1980, àwọn ọmọ-ogun tí Samuel Doe kó sòdí pa Ààrẹ Tolbert. Ogun abẹ́lé tẹ̀ lé e ní òpin 1989. Nígbà tí ó fi parí ní 2003, ọ̀pọ̀ àwọn onílé ti sá padà sí Amẹ́ríkà.

Mo bi ọkùnrin náà pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi tún ilé náà ṣe. Ó ń ṣa máńgòrò sínú àpò. Ó ní, "Ìyá ìyá mi ṣiṣẹ́ níbí. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé. Báwo la ṣe máa tún ilé tí a ò gba iwájú rẹ̀ wọ̀ rí ṣe?"

Àwa Yorùbá a máa sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ló bù sí i. N kò ronú rí pé òwe náà ti fọkàn sí àwọn ará ìlú: àwọn ni yóò ru igi, àwọn ni yóò pọn omi, tí ilé náà yóò fi dára ju ti àtijọ́ lọ. Bí wọn kò bá ka ilé náà sí tiwọn, ahoro ni yóò máa jẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Bàámi lórí fóònù. Abúlé tiwa náà ti di ahoro, nínú oko kòkó, nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ láàárín 1997 sí 2000. Ara ohun tí ó dá ìjà náà sílẹ̀ ni ibi tí oríkò ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kan yóò wà. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Láti ìgbà náà, Bàámi kì í sọ̀rọ̀ ibẹ̀. Mo ròyìn ohun tí mo rí fún wọn.

"Ṣé pèrègún wà níbẹ̀?" ni wọ́n bi mí.

"Rárá, sà, máńgòrò ni."

"Pèrègún ni tiwa. Bàbá mi gbìn ín sójú ààlà."

Mo bèèrè ẹni tí ó ń dáko nítòsí ibẹ̀ báyìí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ọmọ apá kejì ni, wọ́n ní. Àwọn méjèèjì ti jọ ń ya igbá àti ọkọ́ lọ́wọ́ ara wọn kí ìjà tó dé. "Wọ́n sọ fún mi pé kò yẹ ààlà. Ó ń ro ìdí pèrègún náà lọ́dọọdún."

N óò wálé ní oṣù Kejìlá. Bàámi ní bí ẹsẹ̀ bá gbà, a óò jọ lọ, ṣùgbọ́n ilé ọkùnrin náà ni a óò kọ́kọ́ yà.