Ọ̀bẹ àti Igi Apá

Tòmátì ni ọkùnrin tí ó ta ọ̀bẹ fún mi ní ọjà Máìlì 12 gé láti fi mímú rẹ̀ hàn. Ọ̀bẹ wo ni kò lè gé tòmátì? Ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, igi apá gbígbẹ ni kí ẹ fi dán an wò kí ẹ tó fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Bí ojú rẹ̀ bá tẹ̀, irin náà rọ̀ jù. Bí ó bá kán wẹ́wẹ́, alágbẹ̀dẹ rì í bọ omi, kò sì tún fi iná yá a díẹ̀ lẹ́yìn náà. Tèmi tẹ̀. Irú èyí ni ọmọ ń fi gbogbo agbára tì, tí í sì í yọ̀ gé e lọ́wọ́. Èyí tí alágbẹ̀dẹ kan ní Kétu fi sípíríǹgì ọkọ̀ rọ gbẹ́ igi kan náà, ó sì tún gé bébà.