Kí A Tó Dé Ẹsẹ̀ Òkè

Àwọn àgbà wa ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìṣe wa mu ní oṣù kẹfà ọdọọdún, àwa olùkọ́ díẹ̀ tí a ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Tchaourou tí a sì fẹ́ràn eré kẹ̀kẹ́. Ìdíje ńlá tí wọ́n fi ń yí ilẹ̀ Faransé ká, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tour de France, oṣù keje ni ó máa ń wáyé. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń bi ara wa léèrè pé: ta ni yóò gun òkè náà, ta sì ni òkè yóò dá dúró?

Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Cotonou sí Parakou kọjá lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ òkè gíga. Àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ tí àjèjì ń dúró yà ní fọ́tò kò ju ohun tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ gùn lọ. Òkè tó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Sokbaro ní Atacora, mítà 658 péré ni. Tourmalet tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń kọjá ní Pyrénées jẹ́ mítà 2,115, Galibier ní Alpes sì jẹ́ mítà 2,642. Síbẹ̀, a mọ kẹ̀kẹ́. Orí kẹ̀kẹ́ ni àgbẹ̀ wa ń di iṣu àti èédú mọ́, orí rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń ti oko wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù iṣu gun gẹ̀rẹ́ kan rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé òkè kì í ṣojúsàájú.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fi ń díwọ̀n agbára agunkẹ̀kẹ́ ni aago. A máa ń bá àwọn ọmọ kíláàsì troisième ṣe ìṣirò yìí. Ká sọ pé ọkùnrin kan wọn kílò 65, kí kẹ̀kẹ́, aṣọ àti omi rẹ̀ wọn kílò 8. Òkè Plateau de Beille gùn tó kìlómítà 15.8, ó sì ń ga sí i ní mítà 7.9 nínú ọgọ́rùn-ún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gùn ún dé òkè ti gbé ara rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè ní nǹkan bí mítà 1,250. Ní ọdún 1998, Marco Pantani lo ju ìṣẹ́jú 43 lọ lórí rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, Tadej Pogačar, ọmọ ilẹ̀ Slovenia, gùn ún láàárín àkókò tí kò pé ìṣẹ́jú 40. Bí a bá fi ìṣẹ́jú 40 ṣe ìṣirò fún ọkùnrin wa yẹn, agbára tí yóò fi borí ìwúwo nìkan jẹ́ nǹkan bíi wátì 373, láìtíì ka afẹ́fẹ́ àti táyà mọ́ ọn. Ẹ pín in sí kílò 65: ó lé ní wátì 5.7 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára tí kì í ṣe agunkẹ̀kẹ́ kì í sábà lè fi ìdajì irú agbára bẹ́ẹ̀ gun òkè fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí àwọn ọmọ bá rí iye yìí lórí pátákó, ariwo máa ń sọ.

Ṣùgbọ́n aago kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Kò sọ bóyá afẹ́fẹ́ ń ti ènìyàn lẹ́yìn ni tàbí ó ń dojú kọ ọ́. Kò sọ iye òkè tó ti gùn láti òwúrọ̀, tàbí bóyá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣáájú tó ń bá a fọ́ afẹ́fẹ́. Kẹ̀kẹ́ òde òní sì yàtọ̀ sí ti ọdún 1998. Ó tún kù: ọdún 1998 yẹn gan-an ni ọ̀ràn Festina tú sí gbangba, tí gbogbo ayé fi mọ bí oògùn tí òfin kọ̀ ti ba eré náà jẹ́ tó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní aago nìkan lọ́wọ́ mọ iye àkókò, kò tíì mọ ènìyàn.

Ìdí nìyí tí a fi ń wo ìdíje ìgbáradì. Èyí tí a gbójú lé jù títí di ọdún 2025 ni Critérium du Dauphiné, ọjọ́ mẹ́jọ ní oṣù kẹfà, lórí àwọn òkè Alpes. Àwa olùkọ́ tètè lóye rẹ̀, nítorí pé BEPC blanc ni. Òun ni a fi ń mọ ẹni tó ti ṣetán àti ẹni tó kù díẹ̀ káàtó fún. Bí BEPC blanc sì ti máa ń ṣe nìyẹn, ó lè sọ òtítọ́ lónìí kó tan ni jẹ lọ́la.

Ẹ wo Christopher Froome. Nairobi ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1985, ìlú Kikuyu tó wà nítòsí ibẹ̀ ni David Kinjah sì ti kọ́ ọ ní eré kẹ̀kẹ́, kí ó tó di ẹni tó ń ṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2013, ó gba Dauphiné, ó sì gba Tour. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní 2015, bẹ́ẹ̀ náà ni ní 2016. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta yìí ṣe òfin yóò sọ pé ẹni tó gba ti oṣù kẹfà ni yóò gba ti oṣù keje. Nígbà tó di 2017, Froome kò tíì borí nínú ìdíje kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ipò kẹrin ni ó sì mú ní Dauphiné. Àwọn kan ní ọjọ́ rẹ̀ ti wọ̀. Ó gba Tour ọdún náà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 54, láìborí ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2018, ní ìdíje Giro ti ilẹ̀ Ítálì, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi wà lẹ́yìn aṣáájú nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí ìdíje parí. Ó dá nìkan sá lọ lórí Colle delle Finestre nígbà tó ku nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà, kò sì sí ẹni tó tún lé e bá. Ó gba Giro náà. Ní oṣù kẹfà 2019, ó ń yẹ ojú ọ̀nà ìdíje Dauphiné wò nígbà tó já lu ògiri, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Kò sí ìṣirò tó lè rí ògiri yẹn láti òkèèrè.

Dauphiné ti ọdún 2025 náà kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí olúkúlùkù ń dá sáré pẹ̀lú aago, Remco Evenepoel fi ìṣẹ́jú àáyá 48 borí Pogačar, Jonas Vingegaard náà sì ṣáájú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnìkan láàárín wa ti ń sọ pé Pogačar kò ní agbára tó ní ní 2024 mọ́. Ní ọjọ́ kẹfà, lórí òkè tó lọ sí Combloux, Pogačar fi Vingegaard sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan àti àáyá kan. Ó tún borí ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ní Valmeinier. Ẹni tó dájọ́ ní ọjọ́ kẹrin kò purọ́, ó kàn dájọ́ lórí eré aago fún ẹni tó ń lọ sórí òkè ni.

Ọ̀rọ̀ tó kan àwa ọmọ Áfíríkà jù nínú gbogbo èyí ni ti Daniel Teklehaimanot, ọmọ Eritrea. Ní oṣù kẹfà 2015, ó gba ipò kìíní láàárín àwọn tó ń gun òkè ní Dauphiné. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún náà, ó wọ aṣọ funfun tó ní àmì róbótó pupa ní Tour, ẹni àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ tó ń ṣojú orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà. A yọ̀. Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́: orí àwọn òkè kéékèèké ní Normandy ni ó ti kó àmì rẹ̀ jọ. Nígbà tí ìdíje dé Pyrénées, aṣọ náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Froome ni ó gbà á nígbẹ̀yìn. Èyí kò bu iṣẹ́ Teklehaimanot kù. Ó sáré níbi tí àyè wà, ó sì kó ohun tó wà níbẹ̀. Asmara, olú-ìlú orílẹ̀-èdè rẹ̀, ga ju mítà 2,300 lọ, nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró ni ọmọ ilẹ̀ náà ṣe aláìní. Ohun tó ṣọ̀wọ́n fún wọn ni ìdíje lórí òkè ńlá, ọdún lé ọdún, láti ìgbà èwe. Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Biniam Girmay, ọmọ Eritrea mìíràn, borí ní ọjọ́ mẹ́ta nínú Tour 2024, ó sì gba aṣọ aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe agun-òkè. Lórí òkè, ẹ̀yìn gbọn-gbọn ni ó wà, pẹ̀lú àwọn tó ń sá fún àkókò tí òfin fi lélẹ̀, nítorí ẹni tó bá pẹ́ ju àkókò yẹn lọ, wọn yóò lé e kúrò. Ó kọjá gbogbo òkè, ó dé Nice, ó sì gbé aṣọ rẹ̀ lọ sílé. Ibi tí a ti rí i nìyí pé ìbéèrè wa kò péye. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a ń bi pé, ṣé yóò ṣáájú lórí òkè? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tó yẹ ká béèrè nípa wọn ni pé, ṣé yóò kọjá kí ilẹ̀kùn tó tì?

Ìbéèrè yìí ni bàbá kan gbé wá bá wa ní ọdún 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohunkóhun nípa Tour. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní troisième. Kìlómítà méjìlá ni ọmọ náà ń fi kẹ̀kẹ́ rìn láti oko ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ní BEPC blanc, ó gba 8.6 nínú 20, nígbà tó jẹ́ pé 10 ni ó yẹ kó ní. Ẹnìkan ti gba bàbá náà nímọ̀ràn pé kó má ṣe náwó mọ́, kó mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ó jókòó síwájú wa, ó ní: “Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Bí mo bá ta iṣu yòókù nítorí ìdánwò yìí, a kò ní ní irúgbìn tó pọ̀ mọ́.”

A kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. A kó gbogbo ìwé ọmọ náà jáde. Ní ìlàjì kìíní ọdún, 6.9 ni ó ní, ní ìkejì 8.1, ní BEPC blanc 8.6. Ó ń gòkè. Lẹ́yìn náà ni a wo wákàtí. Gbogbo ìwé tó kọ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni kò dára. Èyí tó kọ láti aago mẹ́wàá lọ, púpọ̀ nínú wọn kọjá 10. Ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ kìlómítà méjìlá kó tó mú bírò ti gun òkè kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gùn. A sọ fún bàbá náà pé: “Bàbá, a kò lè búra fún yín. Ohun tí a rí ni pé ọmọ yìí lè kọjá bí kò bá wá láti oko ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹ wá ibi tí yóò sùn nínú ìlú.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó béèrè bóyá ó dá wa lójú. A ní ohun tí a rí dá wa lójú, ohun tí a kò rí kò sí ní ọwọ́ wa. Ó ta iṣu náà.

Bí a ti ń kọ èyí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ọmọ náà ti ṣe ìdánwò rẹ̀, ilé ìbátan wọn kan ni ó ti ń sùn lọ síbẹ̀. Èsì kò tíì jáde. Tour náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 5 oṣù keje ni yóò gbéra ní Lille. Nígbà tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ó ti mọ̀ bóyá a rí i dáadáa tàbí a kò rí i. A gbà pé Pogačar ni yóò ṣáájú lórí òkè, a sì gbà pé ọmọ náà yóò kọjá. Àwa náà mọ̀ pé èkejì wúwo ju èkíní lọ, nítorí bí Pogačar bá kùnà, àríyànjiyàn wa lásán ni yóò yí padà. Bí ọmọ náà bá kùnà, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ti lọ, ojú wa ni bàbá rẹ̀ yóò sì wò.