Táyà Tó Ní Gbogbo Ìgbà Lòun Wà Fún

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ọkùnrin ọmọ Ìbàdàn kan tó ń fi ọkọ̀ kó èrò ní Chicago ń bọ̀ ní Western Avenue láàárọ̀ kùtù. Yìnyín ti já lóru, ó ti bo títì. Kò sáré rárá. Iná ojú pópó di pupa lọ́ọ̀ọ́kán, ó tẹ bíréèkì bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́ bí bíréèkì náà ṣe ń gbọ̀n jìgìjìgì lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ọkọ̀ kò dúró. Ó ń yọ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó kọjá ìlà funfun, ó kọjá ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá, àárín oríta gan-an ló tó fìdí kalẹ̀ sí. Ọlọ́run ló ní kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì.

Nígbà tó rí ibi dúró sí, ó bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá yìnyín kúrò lára táyà iwájú. Ohun tó ti kà lọ́jọ́ tó rà á ṣì wà níbẹ̀ gàdàgbà: All Season. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà M+S. Ó lóṣòó tì í, ó ń wò ó. Gbogbo ìgbà ni táyà yìí ní òun wà fún. Ìgbà wo wá ni ti òní?

Ìbéèrè gidi ni. Ní Amẹ́ríkà, irú táyà yìí ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun láti ilé iṣẹ́ wá. Lọ́dún 1977 ni Goodyear gbé Tiempo jáde, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ sọ orúkọ yẹn di mímọ̀. Ẹni tó ń gbé níbi òtútù ti máa ń ní táyà oríṣi méjì nílé, ti ooru àti ti yìnyín, á máa yọ ọ̀kan, á máa de èkejì, lọ́dọọdún. Táyà tí kò ní jẹ́ kéèyàn ṣe wàhálà yẹn mọ́ kò lè ṣàìtà.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olówó mọ ohun tí òun rà. M dúró fún ẹrẹ̀, S dúró fún yìnyín lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá rí i á rò pé wọ́n ti gbé táyà náà lọ sórí yìnyín kí wọ́n tó tẹ àmì náà sí i lára. Wọn kò gbé e lọ síbi kankan. Bí kòtò ojú táyà bá ti fẹ̀ tó bó ṣe yẹ, ẹni tó ṣe é lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ M+S sí i. Bí ojú rẹ̀ ṣe rí ni wọ́n wò, kì í ṣe bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àmì kejì wà tó sàn jù ú lọ. Òkè olórí mẹ́ta ni, tí wọ́n ya ẹyọ yìnyín kan sí inú rẹ̀. Ọdún 1999 ló dé Amẹ́ríkà àti Kánádà. Kí táyà tó lè ní in, wọ́n ní láti wà á lórí yìnyín tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi wé táyà kan tí wọ́n ti yàn ṣe òṣùwọ̀n, kó sì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ta á yọ, ó kéré tán. Èyí jẹ́ ìdánwò. Síbẹ̀, bí táyà ṣe ń fa ọkọ̀ síwájú ni wọ́n ń wò nínú ìdánwò ti Amẹ́ríkà yìí. Bó ṣe ń dúró lórí omi dídì tó ń dán bíi dígí kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà téèyàn fẹ́ dúró gan-an ni ẹ̀mí máa ń wà nínú ewu jù.

Jámánì gba ọ̀rọ̀ yìí ní pàtàkì. Òfin wọn ní kí awakọ̀ lo táyà òtútù nígbà tí títì bá ní yìnyín. Tẹ́lẹ̀, M+S nìkan tó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, táyà tuntun tí kò bá ní àmì òkè olórí mẹ́ta kò jẹ́ táyà òtútù mọ́ lójú òfin wọn, àwọn tí wọ́n ti ṣe ṣáájú sì ní àkókò oore-ọ̀fẹ́ títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024.

Kí ló fà á tí rọ́bà kan ò fi lè ṣe gbogbo ẹ̀? Ẹni tó bá ti ra òrí nígbà ọyẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀. Lóṣù kìíní, òrí á le koko, èékánná ni wọ́n fi ń họ ọ́. Tó bá di oṣù kẹta, tí oòrùn bá mú, òrí kan náà á yọ́ sínú igbá. Rọ́bà táyà kì í yọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà wọn jọra. Rọ́bà tí wọ́n pò fún ìgbà ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í le bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n bíi 7 lórí Celsius. Rọ́bà tó bá sì le kò ní lè di ilẹ̀ mú, nítorí rírọ̀ rẹ̀ ló fi ń wọnú àwọn ihò kéékèèké ojú títì. Ti ìgbà òtútù yàtọ̀: àpòpọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kó le, wọ́n sì fi abẹ la ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ilà àbàjà, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè máa họ yìnyín. Gbé e wá sínú ooru, á rọ̀ jù, á máa mì lábẹ́ ọkọ̀, á sì máa tètè jẹ.

Àárín àwọn méjèèjì ni táyà gbogbo ìgbà dúró sí. Ohun tó bá fi kún un lápá òtútù, apá ooru ló ti mú un. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe é, bí rọ́bà ṣe rí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ́n wọn ń pọ̀ sí i. Sílíkà tí wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà dípò apá kan nínú ẹ̀dú dúdú ti jẹ́ kó lè di ilẹ̀ tútù mú dáadáa. Nígbà tí Michelin gbé CrossClimate jáde lọ́dún 2015, táyà ìgbà ooru ni wọ́n ní àwọn fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì ní àmì òkè olórí mẹ́ta. Irú èyí tó ní àmì yẹn ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní all-weather, kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára all-season lásán. Létí ẹni tó fẹ́ ra táyà, orúkọ méjèèjì dún bákan náà. Lórí títì oníyìnyín, ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọmọ Ìbàdàn yìí kò mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fífi ọkọ̀ kó èrò ló bá a yọ ẹyọ owó sẹ́ńtì 25 kan jáde nínú àpò, ó dorí ère Washington tó wà lára rẹ̀ kodò, ó sì tì í bọ inú kòtò ojú táyà náà. Gbogbo orí Washington hàn síta. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó,” ni ọ̀rẹ́ náà wí. “Bí kòtò yìí bá jìn tó, ó yẹ kó bo irun rẹ̀.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó kù lójú táyà kò tó mílímítà 3 mọ́. Òfin kò tíì lè mú un, torí pé nǹkan bíi mílímítà 1.6 ni òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Bìrìtìkó béèrè. Yìnyín kò béèrè lọ́wọ́ òfin kó tó yọ èèyàn ṣubú.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìdánwò táyà ti wọ́ jù. Táyà tuntun ni wọ́n ń dán wò, táyà tó ti jẹ la fi ń rìn. Òǹkà tí ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa tẹ̀ sára táyà, tí ẹ máa ń rí bíi 400 tàbí 600, agbègbè San Angelo ní Texas ló ti wá. Ọkọ̀ á tò tẹ̀lé ara wọn lórí títì kan tó tó máìlì 400, wọ́n á máa yí i ká títí wọ́n á fi rin máìlì 7,200, wọ́n á wá wo bí táyà ṣe jẹ tó sí ti òṣùwọ̀n tó ń jẹ́ 100. Ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà fúnra rẹ̀ ló ń fún un ní òǹkà, nítorí náà 600 ti ilé iṣẹ́ kan kì í fi dandan pẹ́ ju 500 ti ẹlòmíràn lọ. Lẹ́tà AA, A, B àti C tó tẹ̀ lé e ń sọ bí táyà ṣe ń dúró lójú ọ̀nà tútù, lọ́nà gbọọrọ nìkan, kò kan kọ́nà. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ń fara da ooru: A ló dára jù, C sì ni èyí tí òfin lè gbà mọ. Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún apá kan ṣe. Láti ọdún 2024, òfin wọn ní kí irú táyà tuntun tó bá fẹ́ wọ ọjà yege lórí títì tútù nígbà tó bá ti jẹ pẹ̀lú. Ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dára.

Ọkùnrin náà ra mẹ́rin tó ní àmì òkè olórí mẹ́ta. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù Chicago lọ sí nǹkan bíi 30 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tó tutù jù tí ìlú náà rí. Kò gbé ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó sọ̀ kalẹ̀ lọ fi gééjì wọn táyà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí òtútù bá mú a máa sún kì: bí òtútù bá fi ìwọ̀n bíi 6 lọ sílẹ̀, gééjì á fi nǹkan bíi psi 1 lọ sílẹ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n dè é ti lọ sílẹ̀ gan-an, láìjò.

Nígbà tó wá sí Ìbàdàn lọ́dún náà, àbúrò rẹ̀ wá gbé e. Ní Ìwó Road, táyà ẹ̀yìn kan jò, wọ́n yà sọ́dọ̀ fọ́kànáísà. Bí ọmọkùnrin náà ṣe yọ táyà, tó yí i gbirigbiri lọ sídìí ọpọ́n omi láti wá ibi tó ti ń jò, ẹ̀gbọ́n rí ohun tó mọ̀. Òkè olórí mẹ́ta, ẹyọ yìnyín láàárín. Ilà wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀. Táyà yìnyín ni, nínú oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn.

“Ọ̀gá, ojúlówó Jámánì ni o,” ni fọ́kànáísà wí, kò sì parọ́. Ẹ̀gbọ́n fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn jẹ́ 4210: ọ̀sẹ̀ kejìlélógójì ọdún 2010. Táyà náà ti lé ní ọdún mẹ́jọ. Nàìjíríà sì rèé, ọdún mẹ́rin ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, máa ń sọ pé kéèyàn má lo táyà kọjá.

“Bọ̀dá mi, mo mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni,” ni àbúrò dáhùn, “ṣùgbọ́n ẹ wo owó tuntun.”

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé iṣẹ́ Michelin ní Port Harcourt dáwọ́ dúró lọ́dún 2007, Dunlop ní Ìkẹjà ò ṣe táyà mọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa sì wá ń wo ojú òkun. Táyà ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ tòkunbọ̀ wà lára ohun tí àwọn aṣọ́bodè ní kò gbọdọ̀ wọlé, síbẹ̀ ó wà lórí àtẹ ní gbogbo ìlú. Ohun tí àwọn ará Jámánì yọ dànù torí pé ìgbà tiwọn ti kọjá lára rẹ̀ ni a fi ń sáré 120 lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Rọ́bà tó ti gbó máa ń sán láti inú. Ooru títì, ẹrù tó pọ̀ àti afẹ́fẹ́ tí kò tó á jọ mú kó gbóná, títí yóò fi bẹ́.

Bí a bá sì fẹ́ wò ó dáadáa, ìgbà tiwa kò ṣòro fún táyà tó bá a mu. Òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ díẹ̀ ni. Òtútù wa kì í sábà dé ibi tí rọ́bà ti ń le. Táyà ìgbà ooru lásán tó ní kòtò jíjìn tí omi lè gbà jáde, tí kò tíì gbó, tí lẹ́tà ooru rẹ̀ jẹ́ A, ni táyà gbogbo ìgbà ní ilẹ̀ Yorùbá. Owó tí a bá san nítorí ẹyọ yìnyín tí wọ́n yà sára táyà, a fi ṣòfò ni.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ra méjì tuntun, wọ́n sì de wọ́n sẹ́yìn, torí pé bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá yọ̀ nínú òjò, ó ṣòro fún awakọ̀ láti mú un padà. Àbúrò ní òun á ra méjì iwájú lẹ́yìn oṣù kan. Àwọn méjì tí wọ́n yọ, ẹ̀gbọ́n ò gbà kí wọ́n tún kó wọn sọ́jà, ó ní kí fọ́kànáísà fi ọ̀bẹ là wọ́n lójú òun.

Ẹ jọ̀wọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún lọ ra táyà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT, ẹ sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn síta kí ẹ tó yọ owó.