Ohun Tí Ẹyin Ń Gbà Lára Pẹ́pẹ́yẹ

Adìẹ kì í yé ẹyin kan ṣoṣo kí àdúgbò má gbọ́. Pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò wá kọ́lọ́fín kan lẹ́yìn ilé, yóò yé tirẹ̀ síbẹ̀, yóò fi koríko bò ó, yóò sì jáde wá jẹun láìdá ẹnikẹ́ni lágara. Akọ wọn a máa mí hàà bí inú bá ń bí i. Abo kì í sábà dún rárá. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹyẹ tí kò ní wàhálà ni: da eèrí ògì sílẹ̀ fún un, bu omi fún un, ó parí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin pẹ́pẹ́yẹ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn, ohun tí mo sì fẹ́ sọ ni pé ẹyin kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Ara ẹyẹ ló ti ń jáde. Bí a kò bá fi ohun tó ń jáde rọ́pò, ẹyẹ náà ni yóò san gbèsè ọ̀hún, kò sì ní pariwo sí wa létí.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹyẹ tó bá fi àìlera hàn nínú igbó, òun ni ẹran apẹran yóò kọ́kọ́ gbé. Nítorí náà, bíbo ìrora mọ́ra ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìgbà tí a bá fi máa rí i lójú pé nǹkan ń ṣe pẹ́pẹ́yẹ, ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ̀ ọ́ lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn, abo kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé, jáde láti inú ìtẹ́ rẹ̀, kò sì lọ sídìí oúnjẹ. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ya ẹsẹ̀, ó nàró ju bó ti máa ń ṣe lọ, ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Á jókòó, á tún dìde. Á padà sínú ìtẹ́, á tún jáde. Ó la ẹnu, ó ń mí helehele, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tíì mú. Mo sáré pe Ìyá Onígbìín tó wà nílé kejì, torí pé wọ́n ti ń sin ohun ọ̀sìn kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n rọra fi ìka méjì kan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, láàárín ihò ìdí àti egungun àyà, wọ́n sì ní kí èmi náà kàn án. Ohun tó wà níbẹ̀ le bí òkúta.

“Ẹyin ni,” wọ́n ní. “Ó há. Má tẹ̀ ẹ́ o, ọmọ mi. Bó bá fọ́ sí i nínú, ó bàjẹ́ nìyẹn.”

A bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bàsíà, ìwọ̀n tí ikùn rẹ̀ yóò fi rì, tí ọrùn rẹ̀ yóò sì wà lókè. Mo dì í mú jẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ó kọ́kọ́ jà, lẹ́yìn náà ó gbà, mo sì ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí ẹran ara rẹ̀ ṣe ń dẹ̀. A nu ún gbẹ, a fi òróró díẹ̀ pa á ní ihò ìdí, a gbé e sínú páálí tí a tẹ́ aṣọ sí, a sì gbé páálí náà síbi tó ṣókùnkùn tí ọmọdé kò ní máa yọjú. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹyin náà jáde. Ìkarahun rẹ̀ rí ṣákaṣàka, apá kan rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ̀jẹ̀ sì fà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára.

Lára ìkarahun yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹyin adìẹ ń gbà tó wákàtí 24 sí 26 láti ìgbà tí pupa rẹ̀ bá ti já wọnú ọ̀nà ẹyin títí yóò fi jáde, ti pẹ́pẹ́yẹ náà kò sì jìnnà sí i. Funfun ẹyin yóò yí pupa ká, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò bo méjèèjì, èyí kì í pẹ́. Nǹkan bí wákàtí 20 nínú àkókò náà, ìkarahun nìkan ni ara ẹyẹ ń mọ. Kálísíọ́mù ni ó fi ń mọ ọ́n: ìkarahun ẹyin adìẹ kan ń gba bíi gíráàmù 2, ti pẹ́pẹ́yẹ sì tóbi jù ú lọ. Bí oúnjẹ kò bá mú un wá, ara yóò lọ yá a lára egungun. Kálísíọ́mù yìí kan náà sì ni iṣan fi ń sún kì, tí wọ́n fi ń ti ẹyin síta. Ìdí nìyí tí ẹyẹ tí kálísíọ́mù rẹ̀ bá ti tán fi ń ko ìyà méjì pọ̀: ẹyin rẹ̀ rọ̀, agbára tí ì bá fi tì í jáde kò sì sí.

Ẹ wá wo ohun tí à ń fún pẹ́pẹ́yẹ jẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Eèrí ògì, èèpo ẹ̀gẹ́, ìrẹsì àná, ẹ̀bà tó kù nínú abọ́. Ikùn á yó, ṣùgbọ́n kálísíọ́mù kò pọ̀ nínú wọn. Oúnjẹ inú àpò tí wọ́n ń ta fún adìẹ tó ń yé ní nǹkan bí ìdá 3.5 sí 4 kálísíọ́mù nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó wà fún ẹyẹ tó ń dàgbà kò ju bí ìdá 1 lọ. Sísanra tí wọ́n ń sanra nítorí ẹ̀bà àti ìrẹsì tún ń dá kún ohun tó ń mú ẹyin há, torí ọ̀rá máa ń dí ọ̀nà ẹyin. Àwọn ìdí mìíràn wà: ẹyẹ tó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í yé kí ara rẹ̀ tó gbó, ẹyin olópupa méjì tó tóbi jù, àrùn inú ọ̀nà ẹyin, àti ẹ̀rù ajá tàbí ọmọdé tí kì í jẹ́ kó jókòó síbi ìtẹ́ rẹ̀. Àmọ́ oúnjẹ ni èyí tó wà lọ́wọ́ wa jù.

Ìyá Onígbìín ni wọ́n fún mi lójútùú rẹ̀, láti inú ọjà tí wọ́n ń tà gan-an. Ìkarahun ìgbín ni: mo ń sè é, mo ń sá a gbẹ, mo ń gún un lódó títí yóò fi rí wẹ́wẹ́ bí a ṣe ń fẹ́ ẹ. Èèpo ẹyin tí a ti sè tí a sì rún dára bákan náà. Mi ò pò ó mọ́ oúnjẹ gbogbo wọn. Inú abọ́ tirẹ̀ ló wà lọ́tọ̀, torí pé àpọ̀jù rẹ̀ ń ba kíndìnrín ọmọ pẹ́pẹ́yẹ jẹ́, akọ kò sì nílò rẹ̀. Èyí tó ń yé mọ ohun tí ara rẹ̀ ń béèrè, fúnra rẹ̀ ni yóò lọ ṣà á jẹ. Mo tún ń jẹ́ kí wọ́n jẹ̀ nínú oòrùn, nítorí oòrùn ló ń jẹ́ kí ara wọn ṣe fítámì D, láìsí èyí tí kálísíọ́mù kò ní wọlé dáadáa.

Ìgbà mìíràn wà tí omi lílọ́ kò tó. Bí ẹyin kò bá jáde láàárín wákàtí díẹ̀, bí ẹyẹ bá rọ, bí ẹran pupa bá yọ síta ní ihò ìdí, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà ẹranko. Ẹyin tó há lè pa ẹyẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Dókítà lè gún un lábẹ́rẹ́ kálísíọ́mù, ó sì mọ bí a ti ń yọ ẹyin láìdá egbò sí i. Èyí tí ẹran bá yọ lára rẹ̀, kíá ni ká yà á sọ́tọ̀, torí àwọn yòókù yóò máa ṣá ibẹ̀ jẹ. Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì, Abẹ́òkúta náà ní. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ni owó dókítà fẹ́ ṣe lórí pẹ́pẹ́yẹ tí a lè pa jẹ. Èsì mi ni pé ẹni tó ti jẹ ẹyin rẹ̀ kò lè sọ pé kò sí ohun tó kàn òun nínú ìrora rẹ̀.

Nítorí àwa ènìyàn la gbé ẹrù yìí lé wọn lórí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran pẹ́pẹ́yẹ wa ti wá. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń sìn wọ́n kí àwọn ará Yúróòpù tó débẹ̀. Nínú igbó, yóò yé ìwọ̀nba, yóò sàba, yóò sinmi. Lọ́dọ̀ wa, à ń kó ẹyin nílẹ̀ kó lè tún yé òmíràn. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ti bí ìran pẹ́pẹ́yẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Khaki Campbell ní ìparí ọ̀rúndún 19, èyí tó lè yé tó 300 lọ́dún kan. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹyin. Mò ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń jẹ́ kí àwọn tèmi sàba nígbà tó bá wù wọ́n. Ọjọ́ 35 ni wọ́n fi ń jókòó lórí ẹyin, wọn kì í yé nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn, egungun wọn á sì rí àyè gba ohun tó jáde padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní pẹ́pẹ́yẹ nílé, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ná ẹnikẹ́ni lówó gọbọi. Ẹ gbé abọ́ ìkarahun sílẹ̀ fún wọn. Láràárọ̀, kí ẹ tó lọ wá ẹyin, ẹ kọ́kọ́ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń dúró, bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń jẹun, kí ẹ lè mọ ọjọ́ tó bá yí padà. Bó bá sì yí padà, ẹ má sọ pé kó dọ̀la. Ẹ gbé omi kaná lọ́jọ́ náà gan-an.