Àwa àti Mítà Àsansílẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní àwùjọ. Bí a bá pàdé níbi ìkómọjáde tàbí níbi ìsìnkú, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ilé tí à ń kọ́ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà ni ó máa ń gba ẹnu wa. Síbẹ̀, bí ẹ bá wọ ilé púpọ̀ nínú wa ní ìlú London, ẹ ó rí àpótí kékeré kan lára ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ oníke tí a fi ń ra iná àti káàdì tí a fi ń ra gáàsì. Àpótí yìí ni à ń pè ní mítà àsansílẹ̀. Nípa rẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa sọ̀rọ̀ lónìí.

Mítà yìí kì í ṣe àlejò láàárín wa. Àwọn bàbá wa tí wọ́n wá kàwé ní Ìlú Ọba ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 mọ mítà tí ń jẹ ṣílè. Bí ṣílè bá ti tán nínú rẹ̀, iná kú nìyẹn, òtútù sì gba yàrá. Nígbà tí ìjọba yí owó padà ní 1971, ṣílè di pẹ́ńsì 5, àwọn mítà tí ń gba pẹ́ńsì 50 sì gbòde. Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ àti káàdì dé, èyí tí à ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti lọ fi owó sí. Òfin kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé: sanwó ná, kí o tó rí iná.

Ní ọdún 2014 ni àwa méjèèjì, ọkọ àti aya, háyà ilé kan ní Peckham. Mítà àsansílẹ̀ ni a bá níbẹ̀, ti iná mànàmáná àti ti gáàsì. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi pọ́n-ùn 10 sí ti iná, pọ́n-ùn 6 péré ni ó hàn lójú rẹ̀. Ẹni tó gbé ilé náà ṣáájú wa ló jẹ gbèsè sílẹ̀, ni mítà bá ń gbà á lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. A tẹ ilé iṣẹ́ iná láago, a sọ ọjọ́ tí a kó wọlé, a sì ka nọ́ńbà ojú mítà fún wọn. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ránṣẹ́, wọ́n sì dá owó wa padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó kó wọ ilé tuntun kò jẹ gbèsè ẹni tó kó jáde.

Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Màmá wá láti Ìbàdàn láti bá wa wẹ ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, gáàsì tán nígbà tí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí wa kò ṣiṣẹ́. Owó díẹ̀ tí mítà máa ń yáni nígbà pàjáwìrì tán pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Old Kent Road láti wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Kí ó tó padà dé, ilé ti tutù bí inú fìríìjì. Màmá fi kẹ́tù oníná se omi, wọ́n wẹ ọmọ kíákíá, wọ́n sì fi aṣọ òfì wọn wé e mọ́ àyà. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni. Kò sí ohun tó ṣe é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a sọ fún Màmá pé a óò yọ mítà yìí kúrò.

Ó yà wá lẹ́nu pé Màmá kò fara mọ́ ọn. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ o," ni wọ́n wí. "Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ilé nìyí. Ẹni tó ra iná sílẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ta ni yóò wá kan ilẹ̀kùn yín?"

Ọ̀rọ̀ Màmá ní ìdí. Ní àdúgbò wọn ní Ìbàdàn, ilé tí kò ní mítà ni ilé tí ìyà ń jẹ. Láti ayé NEPA títí di ìgbà tí ìjọba fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, àti lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, ìwé owó àfojúdá ni wọ́n ń gbé wá fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Iná lè má dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé owó á dé. Bí o kò bá san án, àwọn tó ń já wáyà á gbé àkàsọ̀ dé. Nítorí náà, lójú Màmá, mítà àsansílẹ̀ ni asà ẹni. Ojú yìí náà ni púpọ̀ nínú wa fi ń wò ó, tí a kò fi ronú láti pààrọ̀ rẹ̀ ní Ìlú Ọba.

Ṣùgbọ́n ohun kan náà lè jẹ́ asà ní ibì kan, kí ó di ẹrù ní ibòmíràn. Ní àkókò tí à ń wí yìí, iye tí ẹni tó ń lo kọ́kọ́rọ́ àti káàdì ń san ní Ìlú Ọba ju ti ẹni tí báńkì ń bá san owó lóṣooṣù lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ní iṣẹ́ mítà àsansílẹ̀ ń ná àwọn lówó jù, iye tó dínkù jù lọ kì í sì í sí fún àwọn tó ń lò ó. Ó rí bí ọ̀rọ̀ gààrí. Ẹni tó lágbára ra àpò kan lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí kò ní ń fi kóńgò rà á lójoojúmọ́, ní ìparí oṣù, ẹni tó ń fi kóńgò rà ló náwó jù. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n fi òdiwọ̀n sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ àwọn onímítà àsansílẹ̀, nítorí pé wọ́n rí i pé ará ìlú ń fara gbá a.

Báyìí ni a ṣe ṣàlàyé ètò kejì fún Màmá, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní direct debit. A ní: "Màmá, àjọ ni. Iye kan náà ni báńkì yóò máa san fún ilé iṣẹ́ iná lóṣooṣù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, owó tí a dá yóò ju iná tí a lò lọ, yóò máa ga. Bí òtútù bá dé, tí gáàsì ń jó tọ̀sán-tòru, a óò máa jẹ nínú rẹ̀. Pẹ̀lú mítà yìí, gbogbo ìnáwó òtútù orí oṣù kìíní ló ń dà lé."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Bí alájọ bá wá fọwọ́ ara rẹ̀ mú iye tó wù ú ńkọ́?" A ní ìlérí kan wà tí gbogbo báńkì fọwọ́ sí: wọn gbọ́dọ̀ sọ fún ènìyàn ṣáájú kí iye owó tó yí padà, bí wọ́n bá sì ṣèèṣì mú owó tí kò tọ́, báńkì yóò dá a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màmá tún ní, "Bí alájọ bá sá lọ ńkọ́?" Ìyẹn ni a kò rí èsì gidi fún ní ọjọ́ náà.

Èsì dé ní 2021. Nígbà tí owó gáàsì fò sókè ní ọjà àgbáyé, ilé iṣẹ́ iná tó lé ní 25 ló kógbá sílé ní Ìlú Ọba, èyí tí a wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì wà lára wọn. Ofgem, tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì, fi wa lé ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Iná kò kú ní ọjọ́ kan, owó tí a ti dá sílẹ̀ sì tẹ̀ lé wa lọ pátápátá. A pe Màmá lórí fóònù, a sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Alájọ tó ní onídùúró nìyẹn."

Bí a ṣe kúrò lórí mítà náà kò le. A kọ̀wé sí onílé láti fi tó o létí, nítorí pé ayálégbé tó ń san owó iná fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti yan ilé iṣẹ́ tó wù ú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí onílé gbọ́ bí a bá fẹ́ pààrọ̀ mítà. Ilé iṣẹ́ iná yẹ ìtàn owó wa wò, wọ́n rí i pé a kò jẹ gbèsè, wọ́n sì rán ẹni tó wá pààrọ̀ mítà méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá jẹ gbèsè lórí mítà àsansílẹ̀ náà lè kó lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, bí gbèsè náà kò bá ju pọ́n-ùn 500 lọ fún iná tàbí fún gáàsì. Àwọn tó ní mítà tuntun tí à ń pè ní smart meter kò tilẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni wá sílé. Láti ọ́fíìsì ni wọ́n ti lè yí i padà.

Ọ̀rọ̀ ti yí díẹ̀ láti ìgbà náà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, Ofgem ti mú owó ojoojúmọ́ tí onímítà àsansílẹ̀ àti ẹni tó ń lo direct debit ń san bára dọ́gba, débi pé lábẹ́ òdiwọ̀n ìjọba, onímítà àsansílẹ̀ kò san ju ẹni tó ń lo direct debit lọ mọ́. Ẹni tó ń dúró de ìwé owó kí ó tó san ni tirẹ̀ wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àdéhùn olówó pọ́ọ́kú, tí iye rẹ̀ kì í yí padà fún ọdún kan, ṣì wà fún àwọn tó ń lo direct debit, ìnáwó òtútù sì ṣì ń bọ́ lé onímítà lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá pààrọ̀, ẹ máa ka mítà lóṣooṣù kí ẹ sì fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, kí wọ́n má baà fún yín ní ìwé owó àfojúdá. Bí owó yín bá pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, ẹ béèrè rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọn kò lè béèrè owó iná tó ti lé ní oṣù 12 lọ́wọ́ yín bí ó bá jẹ́ pé àwọn ni kò gbé ìwé owó wá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan, tí báńkì lè kọ̀ láti san owó fún, lè rí i pé mítà àsansílẹ̀ ló bá òun mu. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé òun ló yàn án. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, òfin kò gbà kí ilé iṣẹ́ kankan fi ipá gbé mítà yìí sí ilé tí ọmọ tí kò tó ọdún méjì wà, tàbí ilé àgbàlagbà tó lé ní ọdún 75 tí kò ní olùrànlọ́wọ́ nínú ilé.

Ìwà àìfẹ́-jẹ-gbèsè tí a gbé láti ilé wá, ìwà ọmọlúàbí ni, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ nù. Ohun tí à ń wí ni pé kí a má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ìwé owó NEPA máa darí wa ní ìlú tí òfin rẹ̀ yàtọ̀. Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí àgbà tàbí ọmọ ọwọ́ nílé, kí òtútù tó dé, ẹ tẹ ilé iṣẹ́ iná yín láago kí ẹ sì béèrè iye tó kéré jù lọ tí wọ́n lè fún yín. Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣìnà.