Ta Ni Yóò Gba Ẹjọ́ Aáṣáà Rò?

Nígbà èwe wa ní Èkìtì, ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ta ni ọmọ tí wọn kò rán níṣẹ́ aáṣáà rí? Ìyá àgbà á tú etí ìró rẹ̀, á mú kọ́bọ̀ jáde, á na agolo pẹlẹbẹ sí wa: "Sáré lọ bá mi ra aáṣáà wá, má dúró ṣeré lọ́nà o." Ìyá aláṣáà á fi ṣíbí kékeré bù ú sínú agolo, á fi àtàǹpàkò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, á sì fi ènì sí i. Bí a bá ti yà ní kọ̀rọ̀, a ó ṣí agolo náà, a ó fi imú kàn án, omi á dà lójú wa, a ó sì sín títí. Kò sẹ́ni tó pè é lẹ́ṣẹ̀, àwa pàápàá kò pè é bẹ́ẹ̀.

Lónìí, ẹni tó bá ta aáṣáà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti rú òfin. Òfin ìkáwọ́ tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta ohun tí a fi tábà ṣe fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Òfin ìjọba ológun ti 1990 tó ṣáájú rẹ̀, sìgá mímu ní gbangba ló bá wí. Aáṣáà kò ní èéfín, ó rí ọ̀nà gbà. Ti 2015 kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀. Ó tún ní kí tábà tí kò ní èéfín má kéré sí gírámù 30 nínú ohun tí wọ́n bá dì í sí fún títà. Ẹni tó bá mọ ọjà yìí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun ni: ṣíbí kan kò sún mọ́ gírámù 30, bẹ́ẹ̀ ṣíbí yẹn ni gbogbo òwò ìyá aláṣáà. Òfin náà dáàbò bo ọmọdé, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n arúgbó tó ń ra tọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òfin ní kó ra púpọ̀ tàbí kó má rà á.

Nígbà náà, ọwọ́ tó ṣe aáṣáà kò jìnnà sí imú tó fà á. Ewé tábà ń hù lẹ́yìnkùlé, níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá. Wọ́n á ká a, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á yan án lórí iná jẹ́jẹ́ títí ewé á fi máa fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ìyá aláṣáà á dà á sórí ọlọ, á fi kán-ún sí i kó lè ta dáadáa, á lọ̀ ọ́ kúnná, á fi aṣọ fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́. Á bu díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́, á fà á símú, á dákẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá ṣe omi, ó ti jinná. Bí kò bá ṣe omi, ó padà sórí ọlọ nìyẹn. Àwọn kan ń fà á símú, àwọn kan ń fi sábẹ́ ètè. Lójúde àti lábẹ́ igi ọjà, àgbà á na àdó aáṣáà sí àgbà, ẹni tó bá sì kọ̀ láti bù nínú tẹnìkejì rẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ pé ìjà ń bẹ láàárín wọn. Àwọn àgbà wọ̀nyí kò dá ẹgbẹ́ aláṣáà sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó gbógun tì wọ́n.

Lónìí, inú náílọ́ọ̀nù àti ike ni aáṣáà ń gbé. Ẹni tó ń tà á lè má mọ ẹni tó lọ̀ ọ́, ẹni tó rà á kò sì mọ ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀yẹ́ ti di ìlú yunifásítì láti 2011, Ìkọ̀lé náà sì ní ọgbà tirẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ ṣíṣà, wọ́n mọ féèpù tó ń rùn bí èso, ojú ará oko ni wọ́n sì fi ń wo bàbá tó ń fín aáṣáà. Nikotíìnì inú tábà tó so bàbá náà mọ́lẹ̀ ló ń so àwọn náà mọ́lẹ̀. Àpótí tí wọ́n gbé e sí ló yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kí á má fi oyin sí ẹnu ìtàn. Ẹ̀yìn òkun ni tábà ti wá. Ní ọ̀rúndún 17 àti 18, àwọn oníṣòwò Potogí ń kó ewé tábà tí kò dára tó láti Bàhíà ní Brazil, wọ́n ń fi omi ìrèké dídì pa á, wọ́n ń ká a ní ìdì, wọ́n sì ń fi í ra ènìyàn lẹ́rú ní èbúté Wídà. Ohun tí a wá pè ní àṣà, ẹ̀jẹ̀ wà lára owó tó kọ́kọ́ mú un wọlé. Nínú ilé wa pàápàá, àwa tí a mọ ènì ìyá aláṣáà mọ àwọn ìyá tí èrìgì wọn ti jẹ kúrò lára eyín, àwọn bàbá tí wọn kò lè dá ọwọ́ dúró bí aáṣáà bá tán. A pè é ní ogbó, a pè é ní àìsàn eyín. Nígbà tí Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Pọ̀tónófò ní 1947, ka tábà léèwọ̀ fún ọmọ ìjọ, ọ̀pọ̀ àgbà kà á sí àṣejù. Lónìí a mọ̀ pé ìkìlọ̀ náà ní ìdí, yálà a gba ẹ̀sìn náà tàbí a kò gbà á.

Lónìí, ẹni tó lówó ló ní agbẹnusọ. Sìgá kò fi ìgbà kankan dá rìn nílẹ̀ wa. Ilé iṣẹ́ British American Tobacco ti ń ta ọjà ní Nàìjíríà láti 1912. Ilé iṣẹ́ sìgá bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1933, ó dé Ìbàdàn ní 1937, wọ́n sì ṣí ilé iṣẹ́ ńlá mìíràn ní Ìbàdàn ní 2003. Nínú ìgbìmọ̀ tí òfin 2015 gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ tábà, àwọn onílé-iṣẹ́ ní àga, nítorí ẹgbẹ́ wọn ní aṣojú níbẹ̀. Ìyá aláṣáà kò ní àga. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2012 fi hàn pé àgbàlagbà bíi mílíọ̀nù 3.1 ló ń fa tábà eléèéfín, bíi mílíọ̀nù 1.6 ló sì ń lo èyí tí kò ní èéfín. Bí a bá rí amusìgá méjì, ẹni kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí tirẹ̀ kò ní èéfín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà náà, àwọn baba wa mọ ẹgbẹ́ dá. Ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ló bí Èkìtì Parapọ̀. Àwọn ìlú tí kálukú ń dá ṣe ọba rí pa ohùn pọ̀ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Nínú ọjà pẹ̀lú, oníkòkò ní ẹgbẹ́, aláṣọ ní ẹgbẹ́, elépo ní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ọjà á gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rẹ́ ọ jẹ, á sì bu owó ìtanràn lé ọ bí ìwọ náà bá rẹ́ oníbàárà jẹ. Ọwọ́ kan náà ló fi ń dáàbò boni, òun ló fi ń báni wí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àtijọ́ náà ní àléébù tirẹ̀: ẹni tí ìyálọ́jà kò fẹ́ràn kì í rí ibi pàtẹ.

Lónìí, àwọn ará òkè òkun ń ṣe ẹgbẹ́ ní tiwọn. Ní ẹkùn Bavaria ní Jámánì, àwọn tó ń fa aáṣáà símú ní ẹgbẹ́ ìlú sí ìlú. Wọ́n ń fi í díje, gírámù 5 láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì wọn èyí tó wọ imú. Tábà abẹ́ ètè ní tirẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dè é láti 1992. Orílẹ̀-èdè Sweden nìkan ló rí àyè gbà nígbà tó wọ àjọ náà ní 1995. Ilé iṣẹ́ Swedish Match gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ẹgbẹ́ àwọn olùlò kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, New Nicotine Alliance, sì dúró tì í. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, wọ́n pàdánù. A gbóríyìn fún wọn pé wọ́n lè pẹjọ́. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá dúró ti oníṣòwò ní kóòtù gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, kí ohùn oníṣòwò má baà bo tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó sì ń fi ìwọ̀n imú díje ti gbàgbé ohun tí àgbà ń fi aáṣáà ṣe, ìyẹn jíjókòó ti ara ẹni.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò sì jẹ́ tuntun. Ní 1761, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, John Hill, kọ ìwé láti kìlọ̀ fún àwọn tó ń fa aáṣáà símú láṣejù, ó ní òun rí ìdàgbàsókè burúkú nínú imú wọn. Ní 2004, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé tábà tí kò ní èéfín ń fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ti àmọ́ inú. Láyé ìyá àgbà, kò sí ẹni tó sọ èyí fún un. Lónìí, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ẹni tó bá ní egbò tí kò san lẹ́nu tàbí nímú kò ní láti lọ Ìbàdàn. A kò lè sọ mọ́ pé a kò gbọ́.

Nítorí náà, àwa tí wọ́n rán níṣẹ́ aáṣáà ní ohun kan láti sọ. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wà, nítorí ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Kí ìyá aláṣáà àti àwọn àgbà tó ń rà á ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó pàdé, kí wọ́n bèèrè àga tiwọn níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin lé wọn lórí, kí wọ́n bèèrè ọ̀nà tí tálákà yóò fi máa ra ìwọ̀n tó kéré láìsí pé wọ́n sọ olùtà di ọ̀daràn. Kí ẹni tó bá po ìdọ̀tí mọ́ aáṣáà san ìtanràn. Kí wọ́n má ṣe polówó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí ọmọdé má sì tún gbé agolo mọ́. Kí wọ́n máa sọ fún ara wọn, ní gbangba ìpàdé, pé nǹkan tí àwọn fẹ́ràn yìí lè pa àwọn, pé ẹni tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ kò da ẹgbẹ́, àti pé ẹni tí ẹnu ń dùn gbọ́dọ̀ lọ sí Ìdó. Ẹgbẹ́ tó bá lè sọ òótọ́ yìí fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní ẹnu láti bá ìjọba sọ̀rọ̀.